Ogójì Èrò Pápákọ̀ Òfuurufú Ayédára

"Bísíríyù, dìde lórí àpótí yẹn."

Bísíríyù télọ̀ gbìyànjú láti dìde, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Àpótí ọ̀hún ti rún lábẹ́ rẹ̀ bí páálí tí òjò pa. Ìdérí rẹ̀ là sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn sì rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Mosúnmọ́lá, tó ń tọ́jú èdìdì pápákọ̀ náà, wo agogo ara ògiri. Agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ní agogo mẹ́ta, aṣojú Ilé-iṣẹ́ Ìyẹ́-Apá máa balẹ̀ láti Èkó. Ní agogo mẹ́fà, bí kò bá tíì sí olówó kankan tó fọwọ́ sí i pé òun máa dá owó lé pápákọ̀ òfuurufú yìí, ojú ọ̀run Ayédára á bọ́ mọ́ ìlú Ayédára lọ́wọ́. Ìjọba á tà á ní gbàǹjo bí ìgbà tí wọ́n bá ń ta ilẹ̀ ẹni tó kú tí kò ní àrólé.

"Mo ní kí ẹ di nǹkan sínú àwọn àpótí wọ̀nyí," ó sọ fún wọn. "Àkísà, òkúta, ohunkóhun. Ta ló ń gbé àpótí òfìfo lọ sí Èkó?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má jẹ́ kí ará ilé gbọ́." Bísíríyù ń gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Tí mo bá ń di aṣọ, tí ìyàwó mi wá bi mí pé níbo lò ń lọ, kí ni kí n wí?"

"Á ti bá ẹ dì í," obìnrin kan sọ lẹ́yìn. "Ó ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bísíríyù náà rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín. Ogójì ni wọ́n, Alága ìlú ló fúnra rẹ̀ ṣà wọ́n: télọ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì, àwọn tọkọtaya tí wọ́n ní aṣọ tó dáa. Olúkúlùkù wọn fi ìwé ìrìnnà kan kọ́ àyà, èyí tí Mosúnmọ́lá tẹ̀ láàárọ̀: Ayédára sí Èkó, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò sí bàálù kankan tó ń lọ sí Èkó ní agogo márùn-ún; wọ́n kàn fẹ́ kí aṣojú náà rò pé èrò ṣì ń wọkọ̀ níbẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin rèé tí bàálù tó ń gbé èèyàn ti balẹ̀ síbí kẹ́yìn. Koríko ti hù láàárín ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, àwọn ewúrẹ́ sì ti sọ ọ́ di ilé.

"Mosún," ẹnìkan pè é láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Bá mi bá ẹ̀rọ omi yìí sọ̀rọ̀, ọ̀fun mi ti gbẹ."

Bàbá Ṣówándé ni, ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀. Mosúnmọ́lá lọ bá a, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Omi." Omi dà. Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbè é, ó mu ún, ó tún fi nu ojú.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bàbá yìí ló jókòó sórí àga tí Mosúnmọ́lá jókòó sí lónìí. Olówó kan wá nígbà náà, wọ́n gbé Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹni sílẹ̀ bí ìbúra, kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n bi í bóyá epo wà nínú àwọn táǹkì. Ó ní ó wà. Omi òjò ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé irọ́ ni, wọ́n ti ohùn rẹ̀ pa fún ọdún méje. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ, àmọ́ kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ẹ̀rọ omi, kò sí ọkọ̀ tàbí ilé ìwòsàn tó mọ ohùn rẹ̀ mọ́. Ìgbálẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ tó kù tí kì í bi èèyàn pé ta ni.

"Ọdún kan péré ló kù fún mi," ó wí. "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tìẹ ni."

"Wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan, Bàbá. Alága ní ẹní ìṣírò nìkan ni wọ́n ń gbé bọ̀. Á ka ẹsẹ̀ àwọn tó wọlé, ó tán."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni Alága ìgbà tèmi ṣe sọ fún mi." Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Ó sì dá mi lójú nígbà náà, bó ṣe dá ẹ lójú yìí."

Kò dá Mosúnmọ́lá lójú. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá tirẹ̀ wà nílé, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí pápákọ̀ níbi tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn ọmọ bíbí inú aláìsàn nìkan ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Àràárọ̀ ló ń dúró tì í, á ní, "Bẹ̀rẹ̀," ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin tó wà nínú igi. Bí wọ́n bá ti ohùn rẹ̀ pa, ó lè dúró síbẹ̀ kó máa pariwo títí di ọ̀la, ẹ̀rọ náà kò ní mira.

Ẹ̀rọ náà ń lo asẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ẹyẹ oògùn, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, máa ń gbé asẹ́ tuntun wá, á gba ojú ọ̀run Ayédára kọjá, á jù ú sórí òrùlé ilé ìwòsàn. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Àgbàrá ti gé ojú títì Èkó sí méjì, odò sì ti kó afárá lọ. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ń lo asẹ́ yìí ní ìlú. Nígbà tí ojú ọ̀run bọ́ mọ́ àwọn ará Ọ̀dánjó lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, ẹni tó rà á tì í pa, ó ní àwọn tó ń gbà á kọjá kò tó nǹkan. Wọ́n sin èèyàn mọ́kànlá lóṣù kan ṣoṣo.

"Ọ̀gá," Bísíríyù pè é. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ wá wo ìta."

Mosúnmọ́lá sún mọ́ gíláàsì. Lójú ọ̀nà tó wá láti ìlú, àwọn èèyàn ń bọ̀. Wọn kò tò, wọ́n kàn ń bọ̀ ní méjì méjì, ní márùn-ún márùn-ún, ẹrù wà lórí, ẹrù wà lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ aláfẹsẹ̀wà kan ru ọ̀pá ìrèké tó ga ju ẹni tó ń wà á lọ.

"Ta lẹ sọ fún?" ó bi àwọn ogójì èèyàn náà. "Mo ní ta lẹ sọ fún?"

Wọ́n ń wolẹ̀. Tíṣà kan ní ìyá òun nìkan lòun sọ fún. Nọ́ọ̀sì ní ẹni táwọn jọ ń gbélé ni. Tọkọtaya kan ní àwọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn kàn lọ kí bàbá àgbà wọn pé ó dìgbà. Ìdí ni pé Alága lè ṣe ohun gbogbo, àmọ́ kò lè mú kí ọmọ Ayédára jáde nílé láìdágbére. Olè ló ń rìnrìn àjò láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kódà nígbà tí ìrìn àjò náà kì í ṣe òótọ́, ẹsẹ̀ wọn kò gbà fún wọn láti lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì gbọ́ pé ojúlùmọ̀ òun ń lọ sí Èkó, ibi táwọn ọmọ ìlú tó pọ̀ jù há sí láti ọdún mẹ́rin, kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe pé kó di ẹrù ránṣẹ́?

Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí, wọ́n rọ́ wọlé. Ariwo sọ. Obìnrin kan fi báàgì lé tíṣà lọ́wọ́, ọkùnrin kan ń wá ẹni tó ń lọ sí apá Ìkòròdú. Rísíkátù ìyàwó Bísíríyù dé pẹ̀lú àpótí aṣọ ọkọ rẹ̀ àti ẹja díndín nínú ike.

"O ò lè sọ fún mi," ó wí fún un. "Ẹnu Ìyá Alátẹ ni mo ti gbọ́. Èmi tí mo lè ṣe ọkọ mi lóore, kò mọ̀ ju kó yọ́ jáde lọ."

Bísíríyù gba ike ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti bá ẹ kó súwẹ́tà," obìnrin náà ní. "Wọ́n ní òtútù pọ̀ lókè."

Mosúnmọ́lá gbé ọwọ́ sókè láti lé wọn jáde. Nígbà yẹn gan-an ni ohùn tín-ín-rín kan já bọ́ láti òkè, ọkọ̀ kékeré funfun kan sì rọra balẹ̀ láàárín àwọn ewúrẹ́.

*

Arábìnrin Ọmọ́tárá Dáwódù, aṣojú Ilé-iṣẹ́ Ìyẹ́-Apá, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Alága ìlú, Olóyè Adégbìtẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Òun fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹní ìṣírò sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹní náà dúdú, ó fẹ́lẹ́ bí awọ ejò, iná kéékèèké sì ń sá lára rẹ̀. Ó ní kí gbogbo èèyàn jáde, kí wọ́n tún wọlé lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé ẹrù wọn dání. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Àwọn kan bọ́ bàtà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn wọlé, Arábìnrin Dáwódù wo ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ìṣírò ti hàn.

"Alága, ogójì lẹ kọ sínú ìwé. Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni mo rí yìí."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti gbàgbé pé òun ló ṣà ogójì. "Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ìrìn àjò, Arábìnrin."

"Mo rí i. Inú mi dùn." Ó rọra nàró. "Àmọ́ tí iye bá ti ju igba lọ, òfin ní ká ṣí Ẹlẹ́rìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ẹni tí èdìdì pápákọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ojú ọ̀nà bàálù ná."

Ó jáde lọ. Mosúnmọ́lá rí i pé Bàbá Ṣówándé dá ìgbálẹ̀ dúró lápá kejì gbọ̀ngàn, ó ń wo òun. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Alága fà á lápá wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò tẹ́lẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kó o sọ kò ju ìyẹn lọ, Mosún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Kó tó pé, owó wọn á ti wà nínú ilẹ̀ yìí, wọn ò ní lè hú u mọ́."

"Wọ́n á sì ti ohùn mi pa."

"A máa wá ẹni tó máa máa bá ọ ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ̀rọ Bàbá mi ńkọ́, Alága? Ohùn mi nìkan ló ń gbọ́. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà tún fìlà rẹ̀ dé. Kì í ṣe èèyàn búburú. Bàbá Mosúnmọ́lá ló bá a gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jó lọ́jọ́ ìkómọ. Ó wo ilẹ̀ nígbà tó máa sọ̀rọ̀.

"Èèyàn méjìlélọ́gọ́ta ló kù," ó wí.

Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ. Òun náà ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, lórí ìrọ̀rí, ó sì ti sunkún rẹ̀ tán. Ohun tó burú ni pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó ti rí ara rẹ̀ tó sọ ọ́, tó lọ sílé, tó jókòó ti bàbá rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá kù, tí àwọn méjèèjì ń wo ẹyẹ oògùn tó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bísíríyù ni, ẹrù bo àyà rẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló yọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹrù mọ́kànlá ni wọ́n ti kó fún mi. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, àgbo wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ẹnìkan wà níbẹ̀. Bàbá kan fún mi ní eyín rẹ̀ tó yọ kí n bá òun fún dókítà kan ní Sùúrùlérè. Tó bá di agogo márùn-ún, kí ni kí n ṣe sí eyín bàbá yìí?"

"Gbé e dání," Alága sọ.

"Mo ń gbé e dání, sà. Mo ní títí dìgbà wo."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Àṣàkẹ́ ti yọ, ó gbé igbá tí wọ́n fi aṣọ dì sí igbáàyà. Ìyá arúgbó ni, ó máa ń hun ẹní àti apẹ̀rẹ̀ lápá Òkè-Àbàtà. Ó bi Mosúnmọ́lá bóyá ó lè bá òun kọ orúkọ sára ẹrù.

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé Àṣàkẹ́, Ìyá?"

"Àṣàkẹ́, ilé kẹta sí mọ́sálásí, Òkè-Ìra, Èkó. Ó bímọ. Ọ̀sẹ̀ keje rèé. Wọ́n ní kò rí ọyàn fún un tó, mo wá fi iyọ̀, irú àti ẹ̀pà dì í. Ṣé wọ́n máa dé ibẹ̀ lálẹ́ yìí? Mo ti ní kó má jẹun, kó dúró dè é."

Mosúnmọ́lá mú kálámù dání, kò kọ ọ́. Ó wo ojú Alága. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti yé e.

"Wọ́n ti sọ fún wọn ní Èkó," Mosúnmọ́lá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gbogbo wọn. Tó bá di àṣálẹ́, igba ilé ní Èkó á máa pè pé ẹrù àwọn kò dé, bàálù kankan kò balẹ̀. Irọ́ yìí kò ní pé ọgbọ̀n ọjọ́, Alága. Kò ní rí àárọ̀. Wọ́n á ti ohùn mi pa, owó wọn kò sì tíì ní wọlé."

Alága jókòó sórí ẹ̀rọ tó ti kú tí wọ́n fi ń wo inú àpótí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú fìlà rẹ̀.

"Àwọn èèyàn yìí," ó sọ, ó rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. "Wọn ò kàn lè dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá Àṣàkẹ́ bi wọ́n. "Ṣé ẹrù mi ti pọ̀ jù ni?"

*

Ẹlẹ́rìí kò ju àgbálùmọ̀ ńlá kan lọ. Arábìnrin Dáwódù gbé e sórí tábìlì, ó tàn. Àwọn tó ti dàgbà ṣí fìlà.

"Mosúnmọ́lá Akínbọ̀dé," ohùn kan jáde nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin. "Ṣé àwọn èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lónìí?"

Ó gbọ́ bí ewúrẹ́ kan ṣe ké níta. Ó ronú pé bí òun bá dákẹ́ pẹ́ títí, bóyá ayé á dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀: kò sí òótọ́, kò sí irọ́, bàbá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, agogo kò sì ní dé mẹ́fà.

"Rárá," ó wí. "Kò sí ọkọ̀ kankan. Èmi ni mo tẹ ìwé ìrìnnà ogójì, èmi àti Alága. Àwọn yòókù, yàtọ̀ sí ogójì yẹn, kò mọ̀. Ẹrù ni wọ́n gbé wá fún àwọn ọmọ wọn."

Ẹlẹ́rìí kú. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú ju ariwo lọ. Àwọn ogójì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù náà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Rísíkátù wo ọkọ rẹ̀.

"O ò lọ sí Èkó rárá?"

"Mi ò lọ."

"Mo sì ti pè ọ́ ní onírúurú orúkọ láti ilé débí." Ó gba ike ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

Arábìnrin Dáwódù ti ń ká ẹní rẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́," ó wí fún Mosúnmọ́lá, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. "Àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn wà ni wọ́n rán mi wá wò. Mi ò lè gbé òótọ́ nìkan padà lọ bá wọn."

"Arábìnrin, èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ń gba oògùn láti òkè yìí. Mo bẹ̀ yín."

"Mo mọ̀. Gbogbo ìlú tí mo dé ló ní iye tirẹ̀." Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó pa ìṣírò rẹ́, ó sì dúró. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹrù tó gorí ẹní yìí tó ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin kílò. Ẹ dì í láàárín ọjọ́ mélòó?"

"Láti àárọ̀ yìí," Mosúnmọ́lá dáhùn.

"Láìpolówó? Láìsí pé ẹ ní kí wọ́n wá?"

"A ní kí wọ́n má wá ni."

Obìnrin náà jáde lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i bó ṣe ń bá àwọn tí kò hàn sọ̀rọ̀, tó ń na ìka sí gbọ̀ngàn. Agogo márùn-ún kọjá. Agogo márùn-ún ààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó padà wọlé. Kò jókòó.

"Wọ́n gbà. Wọ́n máa dá owó lé e fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n á tún ojú ọ̀nà ṣe, ọkọ̀ ẹrù mẹ́fà á máa wá lójúmọ́, ẹyẹ oògùn yín á sì máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ lè wá kó ẹrù yìí lọ́la." Alága ti dìde. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sí i pé kó dúró ná. "Ẹrù nìkan ni. Ọkọ̀ wa ń fò láìní awakọ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń súnra mọ́ra. Ojú ọ̀run tí a bá ti kọ sílẹ̀ fún ẹrù, èèyàn kankan kò gbọ́dọ̀ gbà á kọjá. Tí ọkọ̀ tèmi bá ti lọ, kì í wọlé, kì í jáde, fún ọgbọ̀n ọdún náà."

"Aláìsàn ńkọ́?" Mosúnmọ́lá bi í.

"Èèyàn ni aláìsàn."

"Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbé wálé wá sin?"

Arábìnrin Dáwódù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Òkú jẹ́ ẹrù," ó sọ. "Ìyẹn lè wọlé."

Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, Bàbá Ṣówándé rẹ́rìn-ín kúkúrú, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní àwọn ọmọ yín lè máa bọ̀ nílé. Kí wọ́n kàn kọ́kọ́ kú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Mosúnmọ́lá wí.

"Kí ló kù tó o fẹ́ bẹ̀ mí fún? Ohùn mi ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Wọ́n tún tan Ẹlẹ́rìí. Èdìdì wà lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá, ó tutù. Ó yíjú sí gbọ̀ngàn. Igba èèyàn ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù wọn ló ní ẹnìkan ní Èkó. Àwọn kan ní gbogbo ọmọ wọn. Ọgbọ̀n ọdún. Ó fi ojú wá àwọn arúgbó inú wọn láìfẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń bá ọjọ́ orí wọn ṣírò. Kò sí ẹni tó máa rí òpin rẹ̀, nínú gbogbo àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tó bá sọ pé rárá, wọ́n ṣì lè máa retí. Ìrètí ò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ àti ti èèyàn méjìlélọ́gọ́ta ni rárá náà máa ná ìlú.

"Ẹ bá mi sọ ọ́," ó wí fún wọn. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Ẹ sọ ohun tí mo máa sọ."

Wọn kò sọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé wọ́n bínú sí i. Tíṣà yẹn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rísíkátù di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó yé e pé wọn kò ní sọ ọ́, pé kò sí ẹni tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Òun tí kò lọ́mọ ní Èkó, òun tó ní bàbá nílé, òun ló kù.

Agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Mo gbà," Mosúnmọ́lá wí, ó sì tẹ èdìdì mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rìí ní òun gbọ́. Lókè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i, ojú ọ̀run Ayédára yí orúkọ padà, ojú rẹ̀ sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ó pọ́n díẹ̀ níbi tí oòrùn ń wọ̀. Alága bọ Arábìnrin Dáwódù lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Wọn kò lọ sílé. Mosúnmọ́lá rò pé wọ́n á lọ. Àmọ́ nígbà tó gbé òṣùwọ̀n jáde tó sì jókòó pẹ̀lú ìwé ẹrù, wọ́n tò, láìsí pé ẹnìkan ní kí wọ́n tò. Ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́: orúkọ, àdírẹ́sì, kílò. Bísíríyù kó ẹrù mọ́kànlá rẹ̀ wá pẹ̀lú eyín bàbá náà.

Ìyá Àṣàkẹ́ gbé igbá rẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́fà. Mosúnmọ́lá kọ ọ́.

"Dúró ná," ìyá náà wí.

Ó gbé igbá náà sọ̀kalẹ̀, ó tú ìdì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ sábẹ́ bùbá, ó tú ọ̀já tó gbà mọ́ ìdí, ọ̀já òfì àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti ṣá. Ó nà án gbọọrọ lórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí kò fi sí ibi tó hunjọ lára rẹ̀ mọ́. Ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ sórí irú àti ẹ̀pà, ó tún igbá dì.

"Èmi ni mo fẹ́ fi pọn ọmọ Àṣàkẹ́," ó wí. "Wọ̀n ọ́n padà."

Mosúnmọ́lá gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó fi díẹ̀ ju mẹ́fà lọ. Ó fa ìlà sí iye ti tẹ́lẹ̀, ó sì kọ tuntun.